Omi Eérú

Ní Billingham, létí odò Tees,
aago mẹ́ta òru, òjò ń ṣe wínniwínni,
mo jókòó ti irin kan tí kò tó èékánná ọmọ ọwọ́,
nínú àgbá tí a ti fa gbogbo afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dànù.

Naitirojín kì í ṣe ẹni à ń tètè bá sọ̀rọ̀.
Méjì ni wọ́n, okùn mẹ́ta ni wọ́n fi so ara wọn.
Irin ń pè wọ́n;
wọ́n á bà lé e, wọ́n á tún fò.

Ni mo bá rán pótáṣíọ̀mù sí irin,
ìkùukùu fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ láti ara wáyà gbígbóná,
mo fi ọ́síjìn díẹ̀ dè é mọ́lẹ̀
kí ooru má baà gbé e lọ.
Ọlọ́wọ́ fífúnni ni.
Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀,
kò sì lè rí irin kó má nà án sí i.
Irin gbà á, kò fi pamọ́,
ó tì í sọ́wọ́ naitirojín,
okùn mẹ́ta náà bẹ̀rẹ̀ sí í dẹ̀.

Lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ojú mi wọ̀ ọ́ jù.
Mo da á bo irin láti etí dé etí.
Ìlà ojú ẹ̀rọ nà gbọọrọ bí òkú.
Clifford Raine, ará Stockton, tó ń tún ẹ̀rọ ṣe,
wo ìlà náà, ó wo ojú mi:
"O ti kun ilẹ̀kùn pọ̀ mọ́ ògiri."

Mo rántí ìyá ìyá mi l'Ókè-Igbó,
tó ń sun èèpo kòkó, tó ń sẹ́ eérú rẹ̀ fún ọṣẹ,
tó ń fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ omi eérú wò:
"Bó bá ta jù, ara ni yóò bó, kì í ṣe ìdọ̀tí."
Kò mọ pótáṣíọ̀mù lórúkọ.
Òun náà ló wà nínú ìkòkò rẹ̀.

Lónìí, ìdá kan nínú mẹ́wàá ojú irin,
kò tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.
Okùn já.
Haidirojín dé, mẹ́ta fún ọ̀kọ̀ọ̀kan,
àmóníà dìde, kò jókòó pẹ́,
nítorí ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún àlejò
kì í jẹ́ kí ọmọ tí a bí síbẹ̀ sùn mọ́ ibẹ̀.

Ìlà gòkè.
Clifford gbé tíì fún mi, ó gbàgbé ṣúgà.
Nígbà tí a tú irin wò ní ìdájí,
pótáṣíọ̀mù ṣì wà níbẹ̀,
ó ti fúnni lóru mọ́jú,
kò dín.