Kíkà ní Èjìnrìn

Ilé méjìlélógún ni mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí láàárọ̀.
Mẹ́sàn-án ló ṣílẹ̀kùn.
Àgádágodo ló dá mi lóhùn ní ìyókù;
ọ̀kan ti dípẹtà débi pé aláǹgbá ń yáàrùn lórí rẹ̀.

Màmá Sàlámọ̀tù ń yan ẹja lẹ́yìnkùlé.
"Ẹ̀yin mélòó lẹ sùn síbí lánàá?"
"Ta ní ń ka ọmọ fún ọlọ́mọ?"
Mo ní ìjọba ni.
Ó fi etí ìró nu omi èéfín lójú.
"Ó dáa, kọ ọ́ sílẹ̀.
Wàídì, tó ń rán bàtà ní Kétu.
Bàṣírátù, ọkọ rẹ̀ kó o lọ sí Ìkòròdú.
Mùfútáù…"
"Màmá, ẹni tó sùn síbí nìkan ni mo lè kọ."
"Ibí náà ni wọ́n ń sùn.
Ẹní wọn nìyẹn lórí àjà.
Jímọ̀-Jímọ̀ ni mò ń sá a."

Kò sí àlàfo fún ẹní nínú fọ́ọ̀mù.
Mo kọ ọ̀kan.
Obìnrin.
Ọjọ́ orí: òun ti ń ru apẹ̀rẹ̀
nígbà tí ọkọ̀ ọlọ́jà ṣì ń dí etí ọ̀sà pa,
tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ orí ọkọ̀ kan bọ́ sí èkejì.
Mo fojú bù ú, mo kọ méjìlélọ́gọ́rin.

Ó pọ́n ẹja mẹ́rin sínú ewé fún mi.
Mo ní ó pọ̀ jù.
Kò gbọ́ tèmi.
"Ìwọ ọmọ Jẹlílì," ó ní,
"níbo ni wọ́n ti ka ìwọ?"

Mo bojú wo ọ̀ọ́kán,
aláǹgbá náà kò tíì kúrò.
N kò mọ ọwọ́ ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà mọ́.