Fírísà Kì í Kú Lọ́jọ́ tí Iná Lọ

Ọdún kẹrìndínlọ́gbọ̀n rèé tí mo ti ń tún yàrá yìnyín ṣe
ní Gáà-Àkànbí, ní Ìpàta, títí dé Afọ̀n.
Mo mọ ohùn kọ̀mpúrẹ́sọ̀ bí ìyá ṣe ń mọ ikọ́ ọmọ rẹ̀.
Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí Rọ́fíátù bá mi sọ lálẹ́ Alámísì,
kò sí irinṣẹ́ rẹ̀ nínú àpò mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni. Inú ọkọ̀ ojú omi ló wà,
lápá àríwá ayé, níbi tí oòrùn kì í wọ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn.
Wọ́n ń fi ẹ̀rọ lu ilẹ̀ ìsàlẹ̀ òkun
bí àwọn agbẹ́kànga ṣe ń lu ilẹ̀ létí odò Àsà.
Ó ní, "Bàbá Kékeré, ẹrẹ̀ tá a fà jáde lónìí, yìnyín ló kún inú rẹ̀."
Mo ní irọ́ ni.
Yìnyín tí í léfòó! Ta ló tẹ̀ ẹ́ rì?

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní kí òkun tó dé ibẹ̀, ilẹ̀ gbalasa ni,
ilẹ̀ tí òtútù dojú kọ tọ̀sán-tòru,
tó dì wọnú, tó dì wọnú,
kí ẹnikẹ́ni tó lọ irin lórí òkúta ìlú wa.
Nígbà tó yá, òkun kún, ó gorí ilẹ̀ náà,
ó bò ó mọ́lẹ̀ tòun ti yìnyín inú rẹ̀.
Ewé, gbòǹgbò, eegun ẹran tí kò ráàyè jẹrà,
gbogbo rẹ̀ ń bẹ níbẹ̀
bíi pànlá tí a gbàgbé sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

Òkun náà ti wá ń gbóná.
Iyọ̀ ń jẹ yìnyín lókè, ooru ilẹ̀ ń jẹ ẹ́ nísàlẹ̀.
Afẹ́fẹ́ ń yọ roboto-roboto láti inú ẹrẹ̀,
gáàsì tó lè gbiná,
tó jẹ́ pé bó bá dé òfuurufú, kúbùsù ni fún ayé tó ti ń làágùn.
Mo bi í: "Ó ti pọ̀ tó?"
Ó dákẹ́. Mo ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ wọn.
"A ò tíì mọ̀. Àwọn kòkòrò tójú ò rí ń jẹ díẹ̀ nínú ẹrẹ̀,
òkun ń gbé díẹ̀ mì. Ìyókù la ń kà.
Ẹ má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fi dẹ́rù bà yín o,
ẹ má sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni ní kẹ́ ẹ máa sùn."

Sùn kẹ̀?
Èmi tí mo mọ̀ pé fírísà kì í kú lọ́jọ́ tí iná lọ.
Ọjọ́ kìíní, ẹ fọwọ́ kan kótè, ó le bí òkúta Òkè Sóbì.
Ọjọ́ kejì, Alájà Mẹ́mùnátù á ní, "Kò séwu, òtútù ṣì wà."
Òtútù àná ló ń ná.
Ọjọ́ kẹta, omi pupa tẹ́ẹ́rẹ́ á gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde,
ológbò àdúgbò ni yóò kọ́kọ́ gbọ́ òórùn.
Ìgbà yẹn ni wọ́n tó ń pè mí.
Mo lè mú iná padà.
Ẹja tó ti yọ́ kì í gbàgbé pé òun ti yọ́ rí.

Nígbà tí Rọ́fíátù wà lọ́mọ ọdún méje,
nínú ọyẹ́ tó ń la ètè bí ọ̀bẹ,
ó gbé abọ́ omi sí gbangba àgbàlá wa ní Pàkátà,
ó ní bílẹ̀ bá fi mọ́, yóò ti dì.
Mo jí kí wọ́n tó pèrun àsùbáà. Omi lásán ni.
Mo mú yìnyín láti ibi iṣẹ́, mo rọra jù ú sínú abọ́.
Bó ṣe fò sókè láàárọ̀ ọjọ́ náà!
Títí dòní n ò jẹ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ni ọyẹ́ lò lọ́dún yìí,
kò tilẹ̀ la ètè ẹnikẹ́ni.
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ àgbàlá,
ilẹ̀ ṣì gbóná lábẹ́ mi lóru,
fóònù wà lọ́wọ́ mi,
mo ń wá bí n ó ṣe pè é padà,
kí n sọ òótọ́ abọ́ yẹn fún un.