Ìṣẹ́jú Mẹ́ta àti Ààbọ̀

Ìṣẹ́jú mẹ́ta àti ààbọ̀ ni wọ́n fún mi:
ìyá arúgbó kan ní Búkúrù
ń ká babańríga ọkọ rẹ̀ tó ti kú,
ó tú u, ó tún un ká.
Kò sọ̀rọ̀. Kò sunkún.
Rífkátù tó ya àwòrán náà ní,
"Sáà fi orin sí i, Àwẹ̀ró, kó wọ̀ wọ́n dé egungun."

Ọ̀gìnnìtìn Jọ́ọ̀sì kò mọ ẹni tó ń gba oyè másítà.
Ọdún mẹ́jọ ni mo fi tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì,
síbẹ̀ ìka mi le gbagidi ní aago méjì òru,
nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kò pa dé.
Mo gé imú ìbọ̀sẹ̀, mo fi bọ ọwọ́.

Mo kó fayolíìnì mẹ́rìndínlógún jọ,
inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo wọn ń gbé, kò sẹ́ni tó ń jẹun nínú wọn.
Mo fi fèrè lé e. Mo fi agogo lé e.
Bí ìyá náà ṣe gbé apá aṣọ sókè báyìí,
mo ní kí ìlù ya lulẹ̀ bí àpáta.
Èmi fúnra mi sunkún. Mo gbà pé ó dára.

Dókítà Kaneng gbọ́ ọ tán, ó ń bó ẹ̀pà.
"Ta ló kú?"
Mo ní ọkọ ìyá náà ni.
"Háà. Ìlù tó o lù yìí, wọ́n lè fi sin ọba mẹ́ta."
Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín,
ẹ̀rín ẹni tó ṣubú lójú àna.
"Yọ ìdajì." Mo yọ ọ́.
Ọ̀sẹ̀ kejì: "Yọ ìdajì èyí tó kù."
Orin mi ń joro bí ẹni tí ibà dá dùbúlẹ̀.

Màámi pè láti Òmù-Àrán,
ẹ̀rọ ìránṣọ ń kùn lẹ́yìn ọ̀rọ̀ rẹ̀.
"Kí gan-an lò ń kọ́ níbẹ̀?"
Mo ní orin abẹ́ fíìmù ni,
èyí táwọn èèyàn ò ní mọ̀ pé àwọn gbọ́.
Ẹ̀rọ náà dákẹ́.
"Gbogbo owó tí mo san yẹn, torí ohun tẹ́nìkan ò ní gbọ́?"
Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó ní,
"Láínì aṣọ nìyẹn. Ẹni tó wọ kóòtù kì í yìn ín.
Àmọ́ bí láínì bá le ju aṣọ lọ, kóòtù á ká kò."
Ó béèrè bóyá mo ti ra ìbora.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni iná lọ.
Jẹnẹrétọ̀ ilé kejì wúkọ́, òun náà kú.
Bátìrì kọ̀ǹpútà mi ò ju gáńgá lọ.
Mo pa orin, mo wo ìyá náà lásán,
mo sì gbọ́ ohun tí mo ti fi fayolíìnì bò láti oṣù kan:
aṣọ náà ń dún.
Sítáàṣì líle, tí wọ́n fi igi lù títí ó fi dán,
ń fọ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbi ìṣẹ́po,
bí ẹni ń rìn lórí ewé gbígbẹ.
Lẹ́yìn náà, ó mí. Ẹ̀ẹ̀kan péré.
Ìmí náà ga ju dò lọ, kò sì dé rè.

Ibẹ̀ ni mo fi okùn gòjé kan sí.
Kò ju ẹyọ ohùn kan lọ, lẹ́yìn ìmí yẹn,
mo fà á títí ojú àwòrán fi ṣú.

Dókítà Kaneng gbàgbé ẹ̀pà sọ́wọ́.
Ó bi kíláàsì pé níbo lorin ti bẹ̀rẹ̀;
ẹnu wọn ò kò. Ẹnìkan ní láti ìbẹ̀rẹ̀ ni.
Ó fún mi ní máàkì mọ́kànlélọ́gọ́ta:
"Ó ṣì fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin gùn jù."

Mo fi ránṣẹ́ sí Màámi. Ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì.
"Ìyá yẹn mà ṣe mí láàánú o," ló wí.
"Àmọ́ ta ló rán ọrùn aṣọ yẹn? Kò mọ̀ ọ́n rán."
Kò dárúkọ orin rárá.
Mo gbé fóònù sílẹ̀,
inú mi ń dùn títí ilẹ̀ fi mọ́.