Ẹni Tó Ń Ka Méje

Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ ló kọ́kọ́ dé, ọ̀pá ìtìlẹ̀ lọ́wọ́,
gìtá nínú àpò ìrẹsì.
Ó ní ìyàwó òun kò mọ̀ pé òun jáde.
Ilé ìlagi la ti ń dánrawò, ní Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó,
nítorí ọmọ Odùbíyí ló ni ín,
ọjọ́ Àìkú nìkan ni ayùn sì ń sinmi.

Dùùrù mi, ti Japan ni.
Mo rà á lọ́dún tí mọ́tò yí sí ọwọ́ ọ̀tún.
Eyín mẹ́ta kì í sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́nu rẹ̀,
márùn-ún ti yọ lẹ́nu tèmi.
Ohùn wa bára mu.

Láyé ọjọ́un, wọ́n á wá jó, wọ́n á ṣubú.
Mẹ́rin-mẹ́rin lẹsẹ̀ ọmọ aráyé ń kà,
àwa ń ka méje.
Ọkùnrin kan ní Ìperu pariwo:
“Ẹ dá owó ẹnu ọ̀nà mi padà!
Ẹsẹ̀ mi kan ṣì wà lẹ́yìn orin yín!”
A dá a padà fún un.
Orin kan ṣoṣo, ogójì ìṣẹ́jú.
Ìyá mi ní bí òun bá gbé ẹ̀wà kaná tí ẹ bẹ̀rẹ̀,
yóò jinná kí ẹ tó dákẹ́.

Ayé gbé wa lọ lẹ́yìn náà:
ẹnìkan sí kọ́sítọ́ọ̀mù,
èmi sídìí pátákó ìkọ̀wé, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n,
Káṣìmáwò tó ń lu jáàsì
sábẹ́ símẹ́ńtì ní Òkè-Ṣópìn.
Ìdajì orin náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ tó fi lọ.
A ò kọ ọ́ sílẹ̀.
Ta ní ń kọ èémí sílẹ̀?

Moríamọ̀ ọmọ rẹ̀ wọlé, nọ́ọ̀sì,
bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.
A ò tí ì kọ́ ọ ní nǹkan kan.
Ó jókòó sídìí ìlù, orókún òsì ń mì,
ó sì bọ́ sínú méje bí ẹni wọ yàrá ara rẹ̀.
Ó ní bí bàbá òun ṣe ń fi ìka kan abọ́ gààrí nìyẹn,
láràárọ̀.
Òun rò pé ebi ni.

Odùbíyí fun ikun. Ó ní eruku pákó ni.

A tún un bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá dé mẹ́fà, ọwọ́ mi a gbọ̀n,
ọmọ Káṣìmáwò a gbé èkeje.
Ìgbà náà la rí ìyàwó Ọ̀ṣínọ̀wọ̀ lẹ́nu ọ̀nà,
abọ́ ìkókọrẹ́ lọ́wọ́,
ó ti mọ̀ látàárọ̀.
Ó ní ká tètè parí kó tó tutù.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ìṣẹ́jú mẹ́rin ni.