Ọkọ́ Tó Ń Wojú Ẹni

Ilẹ̀ Wínípẹ́ẹ̀gì kì í ṣe ilẹ̀, àtè ni.
Bí òjò bá rọ̀ lóru, tí o wọ oko láàárọ̀,
bàtà méjì lo wọ̀ wá, bàtà mẹ́rin lo máa wọ̀ lọ.
Ọkọ́ tí mo rà ní ṣọ́ọ̀bù,
ọrùn rẹ̀ gùn bí ọrùn lékeléke,
ojú rẹ̀ fẹ́lẹ́ bí ìdérí agolo,
ó kàn ń ha ilẹ̀ bí adìẹ tí kò rí nǹkan jẹ.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbé e sókè.
Lẹ́ẹ̀kẹrin, amọ̀ ti dì mọ́ ọn,
kì í ṣe ọkọ́ ni mo ń gbé mọ́, odidi ebè ni.

Lóru, mo ń jó irin pọ̀ nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń kan bọ́ọ̀sì.
Lóru ọkọ̀, lọ́sàn-án ọkọ́:
àmì orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló pààlà sáàárín iṣẹ́ mi méjèèjì.

Ìyá Halina, tí oko rẹ̀ bá tèmi pààlà,
ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin,
ọkọ rẹ̀ ti kú, ọkọ́ rẹ̀ ti kán.
Ọwọ́ lásán ló fi ń tu koríko láàárín ànàmọ́ òyìnbó,
ọwọ́ kejì wà níbàdí
bí ẹni tó ń bẹ ẹ̀yìn ara rẹ̀.
Mo ní, "Màmá, ẹ fún mi lọ́sẹ̀ méjì."

Mo rántí bàbá mi, l'Ágọ̀-Àrẹ.
Kó tó ra ọkọ́, á gbé e sójú oòrùn,
á ní kí n wò ó láti ẹ̀gbẹ́:
"Ọkọ́ tí kò bá wo ojú ẹni tó mú un,
ẹsẹ̀ onítọ̀hún ló ń wò."
Ṣùgbọ́n ọkọ́ bàbá mi kúrú,
ìdọ̀bálẹ̀ ló ń béèrè láàárọ̀ lálẹ́.
Èmi náà ti pé ọdún méjìdínlọ́gọ́ta,
eegun ẹ̀yìn mi ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu ìkíni.

Ojú ayùn ńlá kan tó ti kú ni mo gé.
Ti àkọ́kọ́, ọrùn rẹ̀ ṣí jù; bàtà mi ló kọ́kọ́ ro.
Ìkejì wúwo, ó já kúrò lẹ́nu igi,
ó fò, ó lọ bẹ́ tòmátì ọ̀gbẹ́ni kan lórí,
tòmátì tí kò tí ì pọ́n. Mo sanwó rẹ̀.
Ẹ̀kẹta ni mo wá lu ihò mọ́kànlá sí lójú bí asẹ́,
kí amọ̀ má rí ibi dì mú;
mo tẹ ọrùn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú iná
títí ó fi gbójú sókè wò mí.
Ẹrúkọ́ ńkọ́?
Ọmọ mi Fẹ̀hìntọlá ti ṣẹ́ igi họ́kì rẹ̀ sórí yìnyín lóṣù kejì.
Igi onígun mẹ́rin: bí ọwọ́ làágùn, kò ní yí.

Ìyá Halina ro poro kan.
Amọ̀ ń gba ojú ihò yọ bí ẹran lílọ̀, ó ń já bọ́.
Kò sọ nǹkan kan. Ó gbé e lọ sílé.

Lọ́jọ́ kejì, ó ti fi ayùn gé ẹrúkọ́ mi,
ó tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan,
ó fi ìbọ̀sẹ̀ olóògbé wé e lórí, ó fi òwú dúdú rán an.
Inú bí mi. Mo fẹ́ sọ̀rọ̀,
gbogbo èdè òyìnbó tí mo gbọ́ sá lọ.
Ó na ọkọ́ náà sí mi.
Mo ro poro kan. Mo ro ìkejì.
Ẹ̀yìn mi kò pe orúkọ ìyá mi.

Òtútù ti dé etí ìlú báyìí,
ilẹ̀ á le bí òkúta láìpẹ́.
Ègé igi tó gé kù ṣì wà nínú àpò mi.
Lálẹ́ àná, ní gáréèjì,
mo fi wọn ẹrúkọ́ tèmi, mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà,
mo wá ń ká àpótí aṣọ kiri,
mo ń wá ìbọ̀sẹ̀.