Ojú Omi La Ti Ń Wọ̀n Ọ́n

Ẹ̀pẹ́ ni mo ti rà á, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tí kò wojú mi.
Àlòkù ni. Ó ti fi ọ̀dà búlúù kùn ún látòkè délẹ̀,
títí kan ẹsẹ̀ ẹ́ńjìnnì,
ibi tí ẹni gidi kì í kùn.
Ọkọ̀ àjàgbé gbé e gba Ọ̀rẹ́, gba Àkúrẹ́, gba Ìkẹ́rẹ́.
Nígbà tó wọ Ìkún, àwọn ọmọdé ń sáré tẹ̀lé e:
"Ọkọ̀ ojú omi ń gun òkè o!"

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ bọ́ sínú adágún Èrò ló ti ń gbọ̀n
bí ẹni tí ibà mú.
Eyín mi ń kọlu ara wọn lẹ́nu.
Omi ń kán wọlé lẹ́bàá ọ̀pá tó ń yí abẹ̀bẹ̀;
mo fi òwú dí i, mo tún fi òwú dí i.
Mo ra abẹ̀bẹ̀ tuntun. Ó ń gbọ̀n.
Mo ra ọ̀pá tuntun, owó iṣu ọdún kan ló bá a lọ.
Ó ń gbọ̀n.

Fátúsìn ni wọ́n júwe fún mi,
ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ìlọ̀gàárì ṣe káàkiri Mọ̀bà.
Kò wọ ọkọ̀ ojú omi rí láyé rẹ̀.
Ó di etí ọkọ̀ mú bí ẹni tó fẹ́ wọ́ ewúrẹ́.
Ó ní, "Tàn án." Mo tàn án.
Ó ní, "Pa á."
"Àrùn ọlọ Lísítà rèé. Ẹ́ńjìnnì yín ń lọ Ìjerò,
ọ̀pá yín ń lọ Ọ̀tùn,
inú ọkọ̀ kan náà lẹ kó wọn sí."

Mo ní ká wọ́ ọ gòkè kí iṣẹ́ lè rọrùn.
Ó wò mí. "Ọlọ tí a tò ní ìsọ̀, tí a wá gbé dé abà,
ṣé kì í tún wọ́ ni?
Ibi tó ti ń ṣiṣẹ́ ni ká ti wọ̀n ọ́n.
Ilẹ̀ a máa purọ́ fún ọkọ̀."

Ó tú bóòtù tó so àwo irin méjèèjì pọ̀.
Wọ́n yẹra fún ara wọn lójú ẹsẹ̀,
bí tọkọtaya tí àlejò ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde níwájú wọn.
Ó yọ abẹ pẹlẹbẹ kan, ó fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà,
ó kì í bọ àárín wọn lókè: ó wọlé gbọnrangandan.
Nísàlẹ̀: ó kọ̀.
Lọ́tùn-ún, ó há. Lósì, ó jábọ́ sínú omi olóròóró,
a sì fi wákàtí kan wá a.

Ó fi èékánná họ ọ̀dà búlúù lẹ́sẹ̀ iwájú.
Lábẹ́ rẹ̀, rọ́bà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ àná,
epo ti mu ún yó, ẹ́ńjìnnì ti tẹrí ba.
Fátúsìn rẹ́rìn-ín. "Ọkùnrin Ẹ̀pẹ́ yẹn mọ̀."

Rọ́bà dé láti Àkúrẹ́ lọ́jọ́ kẹta.
Ó wá ku nọ́ọ̀tì: yí i díẹ̀, wọ̀n ọ́n,
yí i kín-ún, wọ̀n ọ́n.
Bí òkè bá gbà, ọ̀tún á kọ̀;
bí ọ̀tún bá gbà, ìsàlẹ̀ ti yí ọkàn padà.
Oòrùn kọjá àtàrí. Kò jẹ, kò mu,
ó ń bá irin sọ̀rọ̀ bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.
Nígbà tí abẹ náà wọlé bákan náà níhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin
kò pariwo. Ó kàn nu ọwọ́ rẹ̀
sára ṣòkòtò mi.

Nírọ̀lẹ́ mo kó ẹja níhà kejì, mo darí wálé.
Mọ́rádéùn bínú.
Ó ní láti ọdún méjì, ariwo ọkọ̀ yẹn
lòun fi ń mọ ìgbà tóun yóò gbé iṣu kaná;
bí òun bá ti gbọ́ gbà-gbà-gbà lẹ́yìn àpáta,
omi ti ń hó.
Lónìí, mo yọ sí i bí olè.
Iná ti kú. Usu tòun ti èèpo ṣì wà nílẹ̀.
Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo jókòó,
mo ń bẹ ẹ́.