Nọ́ọ̀tì Etí Pátákó

Lábẹ́ òrùlé stéṣàn Òṣogbo,
níbi tí aago ti kú sí aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú méje,
Bàbá Ọ̀ṣúngbèmí kì í jókòó síhà funfun.
"Ẹ máa mú funfun lọ," ni wọ́n ń wí.
"Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi fa sígínà.
Ọkọ̀ ló ń kọ́kọ́ fọn fèrè, èmi kọ́."

Dúdú tiwọn kò pé.
Ọmọ ogun etí pátákó, lápá ọ̀tún wọn,
ọjọ́ òjò kan ló bá àgbàrá lọ.
Nọ́ọ̀tì tẹ́tíìnì ni mo fi dí àlàfo rẹ̀.
Mo jí i nínú agolo ọ̀gá mi,
òróró ẹ́ńjìnnì ṣì wà lára rẹ̀.

Tìámíyù ti Yunifásítì dé, ìwé ṣẹ́ẹ̀sì lábíyá.
Ó ti ọmọ ogun iwájú ọba,
ìṣísẹ̀ méjì lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni tó ni ọjà.
Gbogbo wa la mọ ohun tó yẹ kí dúdú ṣe:
kó lọ pàdé rẹ̀ láàárín, kí orí ó kan orí.
Bàbá na ìka, wọ́n ti nọ́ọ̀tì.
Ìṣísẹ̀ kan péré,
létí lọ́hùn-ún, níbi tí ẹnikẹ́ni ò ti bá wọn jà.

Tìámíyù rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fi ìṣísẹ̀ yẹn ṣòfò."
"Àbí? O sọ̀rọ̀, mo ní 'ẹ̀n-ẹ́n'.
Ṣé èèyàn kì í ní 'ẹ̀n-ẹ́n' nílé yín ni?"

Funfun gba àárín, ó tún fẹsẹ̀ sí i.
Ìgbà yẹn ni ọmọ ogun kejì yọ,
ó fò kọjá nọ́ọ̀tì, nọ́ọ̀tì dúró tì í lẹ́yìn bí ẹ̀gbọ́n.
Bíṣọ́ọ̀bù sá pamọ́ sẹ́bàá igun,
ó ń wo ìlà gbọọrọ kan ṣoṣo
bí a ṣe ń wo ojú irin láti ibí
títí yóò fi tínrín lọ sọ́nà Ẹdẹ.
Lópin ìlà náà, ọmọ ogun ọlọ́jà ọjọ́sí
ń wá ẹni tí yóò gbà á sílẹ̀.

Wọn ò na Tìámíyù o.
Ọ̀mì ni. Ilẹ̀ ti ṣú, a ò dá dúdú mọ̀ yàtọ̀ sí pátákó mọ́.
Ó béèrè orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ náà.
Wọ́n ní àwọn ò sọ ọ́ lórúkọ, àwọn kàn ń ṣe é ni.

Ó gbé e lọ síbi ìdíje kan l'Ókè-Fìà.
Wọ́n nà án kó tó mu omi.
Ó padà wá pẹ̀lú ìbínú,
ó ní irọ́ ni nọ́ọ̀tì.
Bàbá ń to ọmọ ogun lọ́wọ́, wọn ò gbójú sókè.
"Nígbà tí o tì í, kí lẹni yẹn fi fèsì?"
"N ò rántí. Èyí tó kàn ni mò ń rò."
"Ẹ̀n-ẹ́n," ni Bàbá wí.

Ọ̀gá mi ń pè mí lódìkejì ojú irin:
jáàkì ti gbé mọ́tò sókè, nọ́ọ̀tì kan ò pé.
Mo ní mò ń bọ̀.
Tìámíyù ṣẹ̀ṣẹ̀ ń nawọ́ sí funfun.